Ta Ló Ṣojú Ẹ̀? Àgbéyẹ̀wò Bí Olùwádìí Ṣe Ń Yan Orísun, Tó Ń Kà Á, Tó sì Ń Tọ́ka Sí I

Ẹni tó bá ń ṣèwádìí nípa Maroko, àdúgbò kan ní Èkó, kò ní í rìn jìnnà kó tó pàdé nọ́ńbà kan: 300,000. Iye èèyàn tí wọ́n ní ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó, lábẹ́ Raji Rasaki, lé kúrò nílé ní July 1990 nìyẹn, lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje péré. Nọ́ńbà yìí wà nínú ìwé àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, ó wà nínú ìwé ìròyìn, ó sì wà nínú àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú mẹ́ta nínú wọn, á tò wọ́n sínú àkámọ́, á wá fọkàn balẹ̀ pé ẹlẹ́rìí òun pé mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ta ló tiẹ̀ kà wọ́n? Ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1973, wọ́n wọ́gi lé e. Òmíràn kò wáyé títí di November 1991, nígbà tí katakata ti wó Maroko tán, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ti tú ká lọ sí Ilasan, Ikota, Ẹ̀pẹ́ àti ibi tí orí gbé kálukú dé. Kò sí akànìyàn tó lè bá Maroko nílé ní 1990. A jẹ́ pé àfojúbù ni 300,000. Àfojúbù lè sún mọ́ òótọ́ gan-an, pàápàá bí ẹni tó bù ú bá mọ àdúgbò. Síbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ pé wọ́n lé èèyàn 300,000 àti ẹni tó kọ ọ́ pé wọ́n fojú bu àwọn tí wọ́n lé sí 300,000, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ, orí ìyàtọ̀ yẹn sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìwádìí dúró lé.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nípa ìtọ́kasí kì í ju ibi tí kọ́mà máa wà, bóyá ọdún ló ṣáájú ni tàbí àkọlé, àti iye ìwé tí supafáísọ̀ fẹ́ rí ní ẹ̀yìn iṣẹ́. Ìtọ́kasí wá di ohun ọ̀ṣọ́: bó bá ti pọ̀, a ní iṣẹ́ náà jinlẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀nà ni ìtọ́kasí. A là á kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gba ibẹ̀ padà lọ síbi tí a ti mú ọ̀rọ̀ wá, kó lọ fojú ara rẹ̀ wò ó bóyá a rí i dáadáa. Ìtọ́kasí tí kò ṣeé gbà padà, ì báà jẹ́ igba, kò yàtọ̀ sí àgbọ́sọ.

Kò sì yẹ kí èyí ṣòro fún ará Ajah. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Sangotedo kì í tìtorí pé ìwé tí wọ́n fi hàn án ń dán, tó sì ní òǹtẹ̀ lára, kó sanwó. Rìsíìtì ẹbí lè jẹ́ ayédèrú. Ẹni tó fọwọ́ sí i lè má jẹ́ olórí ẹbí. Á ní kí wọ́n bá òun gbé ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ náà kò bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Á béèrè gàsẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ìjọba fi dá ilẹ̀ ìlú náà sílẹ̀, á wo ojú ewé rẹ̀. Á tún yọ́ lọ bá àwọn tó ti ń gbé àdúgbò náà kí ẹni tó ń tà á tó dé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fura tó báyìí sí púlọ́ọ̀tì kan ló ń jókòó sínú yàrá tó ń gba àpilẹ̀kọ gbọ́ nítorí pé PDF ni.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká gbà ni pé kò sí orísun tó dára tàbí tó burú lásán. Ìbéèrè tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìwé ìtàn-àròsọ Chris Abani, GraceLand, tó jáde ní 2004, fi Maroko ṣe ibùdó. Ìtàn rẹ̀ parí ní 1983, wọ́n sì ti wó àdúgbò náà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lọ mú ọdún ìparun Maroko níbẹ̀ yóò fi ọdún méje ṣìnà sí ìparun ńlá ti 1990. Àmọ́ ẹni tó ń wádìí bí àwọn òǹkọ̀wé wa ṣe rí ayé àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ yẹn, orísun pàtàkì ni ìwé náà fún un, kò sì sí ìwé ìjọba tó lè dípò rẹ̀. Tunde Agbola àti A. M. Jinadu náà kọ àpilẹ̀kọ sínú jọ́nà Environment and Urbanization ní 1997 lórí ìrírí àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Maroko. Bí ìbéèrè mi bá jẹ́ ohun tí lílé náà ṣe fún ìdílé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa kọ́kọ́ yà sí. Bó bá jẹ́ ìdí tí ìjọba fi lé àwọn èèyàn, mo gbọ́dọ̀ wá ohun tí ìjọba fúnra rẹ̀ kọ, kí n sì máa rántí bí mo ṣe ń kà á pé ẹni tó wó ilé ló ń ròyìn ìwólé.

Àwọn kan gbà pé bí ìwé bá ti gbó, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Ẹ wo Lekki àtijọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní December 1851, Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò lórí oyè, ó lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, èbúté Palma àti Lekki létí òkun sì di ọ̀nà òwò rẹ̀. Ní September 1854, òun àti Benjamin Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: Kòsọ́kọ́ kò ní í wá gba Èkó padà mọ́, yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú, kọ́ńsù náà sì gbà pé òun ló ni èbúté Palma. Nígbà tó di 1863, Palma àti Lekki bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Púpọ̀ nínú ohun tí à ń kà nípa ọdún wọ̀nyẹn, inú lẹ́tà kọ́ńsù ló ti jáde, àwọn lẹ́tà náà sì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, ní London, nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní FO 84. Ọ̀wọ́ ìwé ẹ̀ka tó ń rí sí òwò ẹrú ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ibi tí wọ́n tọ́jú ìwé sí ti ń bá wa sọ̀rọ̀ ká tó ṣí i. Ọ̀rọ̀ ẹrú àti epo pupa ni àwọn ọ̀gá ní London fẹ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹrú àti epo pupa náà ni kọ́ńsù ń kọ sí wọn. Obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, ọkùnrin tó ń gbẹ́ ọkọ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ẹ̀búté Mẹ́ta, kí ni wọ́n wá ṣe nínú lẹ́tà kọ́ńsù, àfi tí wọ́n bá da ọjà rú? Ẹni tó bá ka FO 84 nìkan yóò rò pé kò sẹ́ni tó ń jẹun ní Lekki láyé ọjọ́un. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti máa ṣọ́ Kòsọ́kọ́ ló ń ròyìn Kòsọ́kọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ìhà kejì wà nínú ìtàn àwọn ará Ẹ̀pẹ́, àti nínú ìwé bí èyí tí T. O. Avoseh kọ lórí ìtàn ìlú náà ní 1960, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà kejì náà ní ẹni tó ń gbè lẹ́yìn.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu, níbi tí àríyànjiyàn ti pọ̀ jù. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ìtàn ní Yúróòpù kò ka ohun tí kò sí lákọsílẹ̀ sí. Ìwé Jan Vansina, ọmọ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, tó jáde ní 1961 wà lára ohun tó yí wọn lọ́kàn padà, nítorí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu ní òfin tirẹ̀ tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló ń sọ ọ́, ta ló kọ́ ọ, níbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kí ni ẹni tó ń sọ ọ́ yóò rí jẹ níbẹ̀. Nílé, Saburi Biobaku ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkójọ ìtàn Yorùbá láàárín 1950 sí 1960, ó sì ṣe olóòtú ìwé Sources of Yoruba History tó jáde ní 1973. Oríṣiríṣi onímọ̀ ló péjọ sínú ìwé yẹn, láti orí Ifá dé orí ìmọ̀ èdè àti ìwalẹ̀, kálukú ń sọ ohun tí orísun tirẹ̀ lè gbé àti èyí tí kò lè gbé. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá máa fọ̀rọ̀ wá àgbà lẹ́nu wò kà á kó tó kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n kí n sọ tèmi: lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn adájọ́ ti yanjú ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 1957, ẹjọ́ ilẹ̀ kan láti Gánà, Kojo II v. Bonsie, dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní London. Ìhà méjì ń pìtàn, ìtàn wọn sì takora. Ìgbìmọ̀ náà ní adájọ́ kò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ẹnì kan mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ẹnì kejì lọ kó gbà á gbọ́; ó lè má jẹ́ irọ́ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn ń pa, ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kù ni kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, èyí tí ojú èèyàn tó. Ta ló ń dáko níbẹ̀? Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Èwo nínú ìtàn méjèèjì ló bá èyí mu? Ìlànà yìí ni àwọn ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé dòní, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà sì fi ìtàn ìdílé ṣe ọ̀kan nínú ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀, nínú ẹjọ́ Idundun v. Okumagba ní 1976. Àwọn ẹbí tó ti ń ṣẹjọ́ ilẹ̀ láti Ikate dé Ajah mọ ìlànà yìí dénú egungun, bí wọn kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ Bonsie rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn lè yá a lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ìtàn kan wà tí kò tilẹ̀ dé ibi ìdánwò yìí. Ìtàn pé Potogí kan ló fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Lekki wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú ń dà á kọ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó mú ìwé ìgbà náà jáde, tàbí kó kọ ọ́ pé ìtàn ìlú ni, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó le jù lórí ilẹ̀ yìí ni ti too-geeti Lekki, alẹ́ 20 October 2020. Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn èèyàn sí i títí dòní, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ pe ìròyìn pé àwọn sójà yìnbọn sí àwọn tó ń ṣe ìwọ́de níbẹ̀ ní irọ́ lójú òpó Twitter wọn. Nígbà tó yá, ọ̀gá ológun kan jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, ó gbà pé àwọn sójà wà níbẹ̀, àti pé ọta gidi wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú èyí tí kì í pani. Amnesty International ní èèyàn 12 ó kéré tán ló kú. CNN gbé ìwádìí jáde ní November 2020, nínú èyí tí wọ́n ti fi àwọn fídíò wé ara wọn láti mọ ibi àti àkókò. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí fi ìjábọ̀ rẹ̀ lé ìjọba Èkó lọ́wọ́ ní November 2021. Ẹ̀dà rẹ̀ jò síta kí ìjọba tó gbé e jáde. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti fi ìwé tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì gba ohun tí ìgbìmọ̀ sọ nípa àwọn tó kú wọlé.

Olùwádìí tó bá mú èyí tó wù ú nínú ìwọ̀nyí, tó fi ìyókù sílẹ̀, agbẹjọ́rò ni, kì í ṣe olùwádìí. Ẹni tó bá sì to gbogbo wọn jọ, tó wá ní ọ̀rọ̀ náà kò yé èèyàn, sá fún iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ̀n wà. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ tó ta ko ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀, tí kò sì ṣe é láǹfààní, wúwo ju ọ̀rọ̀ tó fi gbèjà ara rẹ̀ lọ; ìdí nìyẹn tí ohun tí ológun náà sọ níwájú ìgbìmọ̀ fi wúwo ju ohun tí wọ́n fi sí Twitter lọ. Fídíò tí a lè yẹ àkókò rẹ̀ wò wúwo ju èyí tí a kò mọ ẹni tó yà á. Kíkà náà sì ní àrékérekè tirẹ̀: 12 tí Amnesty sọ, Lekki àti Alausa ni wọ́n pa pọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Amnesty ní èèyàn 12 kú ní too-geeti kò purọ́ mọ́ ìjọba tàbí ológun. Amnesty gan-an ló purọ́ mọ́. Bákan náà, ẹ̀dà tó jò àti èyí tí ìjọba gbé jáde, kí olùwádìí sọ èyí tó kà. Àwọn tó ń tọ́ka sí Twitter náà rí ohun tí ojú wọn ń wá nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti òpó náà pa ní Nàìjíríà láti June 2021 títí di January 2022. Ohun tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ lọ́jọ́ tí ẹ kà á, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ní ti jọ́nà, ọjà ti dà rú. Cenyu Shen àti Bo-Christer Björk fojú bù ú ní 2015 pé àwọn jọ́nà agbowó-tẹ̀wé tẹ àpilẹ̀kọ bí 420,000 jáde ní 2014 nìkan, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 53,000 ni ní 2010. Òwò náà rọrùn: ẹ sanwó, a ó tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa náà jẹ̀bi níbẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ní olùkọ́ kò lè gbéga àfi tó bá tẹ̀wé nínú jọ́nà tó ń jẹ́ ti àgbáyé ló bọ́ àwọn oníjìbìtì yìí yó. Jeffrey Beall, onílé-ìkàwé ní Colorado, to orúkọ irú àwọn jọ́nà bẹ́ẹ̀ jọ títí di January 2017, kó tó yọ àkójọ náà kúrò. Àwọn kan ní ó máa ń fura sí gbogbo jọ́nà tó bá ti ilẹ̀ tálákà wá, mo sì rò pé wọn ò jayò pa. Jọ́nà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan ń tẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀ lè má ní ojúlé tó dán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. African Journals Online ti ń kó irú wọn jọ láti 1998, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ṣeé kà lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó ṣe pàtàkì, nítorí pé ọmọ tó wà ní Lagos Business School ní Ajah àti ọmọ tó ń fi dátà ra àpilẹ̀kọ ka ní Badore kì í ṣe ẹgbẹ́ níwájú ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi owó tì.

Ayédèrú tuntun tún ti dé. Ní 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York kó ẹjọ́ tí ChatGPT hun lórí asán lọ síwájú adájọ́. Orúkọ olùpẹjọ́ pé, ọdún pé, ẹjọ́ ló kù tí kò sí. Wọ́n bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là fún wọn. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro: ìwé tí ẹ kò bá ṣí, ẹ má tọ́ka sí i. Bó bá jẹ́ inú ìwé ẹlòmíràn ni ẹ ti rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí a ṣe ń kà á náà ṣe kókó. Ẹni tó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Chevron dé Ajah ní àsìkò láti ka odindi àpilẹ̀kọ kan lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ wa kàn ń ka àkékúrú iwájú rẹ̀ ni, a ó wá fò dé ìparí. Àárín tí à ń fò yẹn ni òótọ́ rẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti ń sọ iye èèyàn tó bá sọ̀rọ̀, bó ṣe yàn wọ́n, èdè tó fi béèrè, ọjọ́ tó lọ. Àpilẹ̀kọ tó ń sọ̀rọ̀ nípa omíyalé ní Lekki, ẹ wò ó bóyá ìgbà òjò ló lọ tàbí ìgbà ẹ̀rùn, bóyá inú ẹ́sítéètì tó ní géètì ló dúró sí tàbí ó wọ Jakande. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ wá ẹnì kan tí kò gbà fún un.

Ó ku bí a ṣe ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ìlànà ìtọ́kasí APA ní kí a gbé orúkọ ìdílé síwájú, kí a ké ti ìdáyé kúrú, ẹ̀rọ sì máa ń gé àmì ohùn dànù lórí rẹ̀, tí ọ̀mọ̀wé kan yóò fi di méjì nínú àkójọ. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà lára ìwé tí ẹ kà. Èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn àgbà. APA ka ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a kò tẹ̀ jáde sí ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì, kò sì jẹ́ kó wọ inú àkójọ ìwé lẹ́yìn iṣẹ́. Bàbá tó fi ọjọ́ kan gbáko ka ìtàn ìlú fún ọmọ yóò wà nínú àkámọ́, ẹni tó fi ìtàn náà kọ ojú ewé méjì yóò sì wà lẹ́yìn ìwé. Lorisia MacLeod ní Kánádà kọ àpilẹ̀kọ ní 2021 tó fi ìlànà lélẹ̀ bí a ṣe lè tọ́ka sí àwọn àgbà ìran àbínibí pẹ̀lú orúkọ, ìran, ibi tí wọ́n ń gbé, kókó ọ̀rọ̀ àti ọjọ́. Mo rò pé ó yẹ ká yá a lò, ká fi èdè tí wọ́n sọ ọ́ kún un, oyè tí ẹni náà ń jẹ nígbà yẹn, ìbéèrè tí a bi í, àti ibi tí ohùn rẹ̀ wà tí ẹlòmíràn lè lọ gbọ́ ọ.

Ní Ibeju-Lekki, gbígba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sílẹ̀ báyìí kò lè dúró mọ́. Láti 2006 tí ètò Lekki Free Zone ti bẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí èbúté tuntun àti ilé ìfọpo Dangote ṣí ní 2023, ilẹ̀ oko ọ̀pọ̀ abúlé ti yí padà, àwọn tó mọ ààlà rẹ̀ sì ti ń darúgbó. Ìṣòro tí ìlànà MacLeod kò kàn ni èyí: ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sọ̀rọ̀, wọn kò ní í gbà kí a kọ orúkọ wọn, nítorí pé ẹjọ́ ilẹ̀ náà ṣì wà ní kóòtù. Orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tí olùwádìí lè ṣe ni kó kọ ọ́ pé ọmọ ìdílé tó ń ṣẹjọ́ ni, kó sọ ìhà tó wà, ọdún tó bá a sọ̀rọ̀ àti ìdí tí orúkọ fi fara pamọ́, kó wá fi ohùn náà síbi ìpamọ́ kan pẹ̀lú àdéhùn pé wọn kò ní í ṣí i kí ẹjọ́ tó parí.